Ẹrù Ẹ̀gbin Tí Wọ́n Dì fún Íjíbítì

Ní Àmùkòkò, bí ẹ bá béèrè ẹni tó mọ́ tónítóní jù ní gbogbo òpópónà wọn, ọmọdé pàápàá yóò nawọ́ sí ilé Tinú alágbàfọ̀. Kì í ṣe torí pé aṣọ fífọ̀ ló fi ń jẹun nìkan. Obìnrin náà kórìíra ìdọ̀tí bí ẹni pé ìdọ̀tí ti ṣẹ ìran rẹ̀. Bí eṣinṣin bá bà lé etí ife omi rẹ̀, yóò da omi náà nù. Bí ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ bá ń họra, yóò sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé ibi tó ń lọ, yóò fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú Ìyá Peculiar ń gbóòórùn ohun tí kò tíì rà. Peculiar ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún Ephraim ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní wáàfù Àpápá.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni Tinú ti jogún iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ náà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá yẹn, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré, tó lọ fẹ́ onígbàgbọ́ ará Ìjẹ̀bú tó ń ru ẹrù ní èbúté. Ó ti fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó GRA kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ lọ sílùú wọn. Nígbà tí Tinú wọlé ọkọ ní ọdún 1981, bàsíà ńlá méjì àti áyọ́ọ̀nù eléèédú kan ni ìyá rẹ̀ fi sin ín. Ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ àwọn ará wáàfù tó ti mu epo ọkọ̀ yó, àyà rẹ̀ a sì máa rìn ín lójoojúmọ́ títí tó fi mọ́ ọn lára.

Nígbà tó yá, oríire kan ṣẹlẹ̀ sí i. Ìjọ ńlá kan ní Àpápá, níbi tí àwọn ọ̀gá báńkì àti àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun ti ń jọ́sìn, gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin àti aṣọ pẹpẹ wọn fún un láti máa fọ̀. Inú Tinú dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Aṣọ pẹpẹ kì í rùn. Àbẹ́là tó kán sí i ló máa ń ha kúrò, a sì fi búlùú díẹ̀ sí omi tó fi ń ṣan án, a lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi máa dán. Láìpẹ́, òun náà di ọmọ ìjọ yẹn. Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, yóò gbéra ní Àmùkòkò, yóò wọ bàtà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà GRA, yóò fi aṣọ nu eruku ara bàtà náà kí ó tó wọlé. Ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó. Síbẹ̀, bó bá ti wo ọ̀kánkán, tó rí pẹpẹ tó funfun bí òwú, ara rẹ̀ a yá gágá.

Báyìí ni nǹkan rí títí di oṣù kẹwàá ọdún 1992, nígbà tí rédíò sọ pé ilẹ̀ ti mì tìtì ní Káírò, olú ìlú Íjíbítì, pé ilé wó lu àwọn èèyàn àti àwọn ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Àlùfáà Níyìọlá gorí àga ìwàásù.

"Nígbà tí Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ jòjòló nì láti pa," ó bi wọ́n, "ta ló gbà á sílé?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Íjíbítì ni! Ilẹ̀ tó fi Olúwa wa pamọ́ ni ilé ń wó lù lónìí. Ẹ̀yin ará Àpápá, ẹ̀yin tí ilé yín dúró digbí, kí lẹ máa ṣe?"

Àwọn kan bú sẹ́kún. Màmá Harriet Kọ̀yà, ìyá ìjọ, dìde níwájú. Obìnrin onígèlè gíga ni, ọkọ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí létí wáàfù, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ṣe ni ó máa ń dà bíi pé wọ́n ti fi ẹnu kò sí i kí ó tó ṣí ẹnu. Ó ní kí oníkálukú lọ tú àpótí rẹ̀, kí wọ́n kó aṣọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ inú agolo wá, ìjọ yóò fi ọkọ̀ òkun kó o lọ fún àwọn tí ilé wó lù. Tinú dìde lẹ́yìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ nínú ìjọ yẹn rí. Ó ní òun yóò fọ gbogbo aṣọ náà láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bó ṣe ń darí lọ sílé, ṣe ló dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Nígbà tó délé, ó mú aṣọ ibùsùn méjì tí òun àti Ephraim kò tíì sùn lé rí, ó lọ̀ wọ́n, ó fi ṣe ìpín tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí dírẹ́bà Màmá Harriet fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò ìdọ̀họ wá, ó ń dà wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Eucharia, aládùúgbò rẹ̀ ọmọ Ìbò tó ń dirun lójú títì, wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì tú àpò kìíní. Lókè ni bùláúsì léèsì wà, àti súwẹ́tà ọmọdé tó nípọn, èyí tí wọ́n rà bọ̀ láti òkè òkun.

"Chai, èèyàn Ọlọ́run!" ni Eucharia wí, ó gbé súwẹ́tà kan mọ́ àyà. "See better thing!"

Wọ́n tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ nídìí oúnjẹ. Pátá tí àbàwọ́n ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó le gbagidi bí ẹja panla. Kọ́mú tí ẹgbẹ́ kan rẹ̀ ti já lọ. Ìlédìí ọmọ tí wọ́n kàn ká pọ̀ pẹ̀lú ohun tí ọmọ náà ṣe sínú rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ òsì, tí kò ní ọ̀tún. Wíìgì tó rí bí ológbò tó kú sínú gọ́tà. Agolo mílíìkì tó ti wú gọngbọ, tó ń jò, tí omi rẹ̀ ti ta sára gbogbo aṣọ tó yí i ká. Nígbà tí Tinú fa aṣọ ìgbéyàwó funfun kan yọ, àwọn ọmọ eku pupa rọ̀gọ̀dọ̀ já bọ́ láti inú rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kò tíì lajú, wọ́n ń yí mọ́ ara wọn.

Tinú sá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù láti bì mọ́. Nígbà tó padà dé, ojú Eucharia ti pọ́n.

"Mama Peculiar," ó wí jẹ́jẹ́, "dem talk say na for God?"

Ohun tó wà lọ́kàn Tinú burú ju òórùn náà lọ. Àwọn tó ni àwọn aṣọ wọ̀nyí, ó mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń kí i níbi ìsìn, òórùn lọ́fínńdà wọn a máa dúró lára ọwọ́ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọn kò tòṣì. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Wọ́n rí ohun tó yẹ kí wọ́n sọ sí ààtàn, wọ́n gbé e fún Ọlọ́run kí ó bá wọn sọ ọ́ nù. Ó wá hàn sí i pé irú ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ìyà ń jẹ nìyẹn, ààtàn ni.

Síbẹ̀, ó ti ṣèlérí. Ó se omi títí tó fi hó, ó da òògùn apakòkòrò sí i, òun àti Eucharia sì dojú kọ ọ́. Eéfín ọṣẹ àti ìtọ̀ gbígbóná bo ilé. Kò pẹ́ tí kúrúnà fi mú wọn láàárín ìka. Tinú, tí kì í jókòó ti ẹni tó ń họra, ló wá ń họra ní gbangba, ó ń fi ẹ̀yìn ìka ha ara ògiri. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀. Bó bá gbé òkèlè sẹ́nu, á ṣe é bíi pé òórùn ìdọ̀tí náà ti wọ abẹ́ èékánná òun lọ.

Àwọn tó ṣeé fọ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ mọ́, Tinú kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti dáná sun. Ibi tó ti ń wá kẹrosíìnì ni ọkọ̀ Màmá Harriet ti dúró níwájú ilé.

"Tinú, kí ni ìwọ̀nyí ń ṣe nílẹ̀?"

Tinú kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Èyí tí kò ṣeé lò ni, Mà. Mo fẹ́ sun ún."

"O fẹ́ sun kí ni? Ẹrù Olúwa?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó." Tinú fi igi gbé pátá kan sókè. Màmá Harriet fi áńkáṣíìfù bo imú, ó sì fò sẹ́yìn.

"Gbé e kúrò níwájú mi! Ṣé o ya wèrè ni?" Ó dúró, ó mí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Gbọ́ mi, Tinú. Ẹni tí ilé wó lù, tó wà níta gbangba, ṣé ó máa béèrè ẹni tó ti wọ nǹkan rí? Ohunkóhun ló wúlò fún wọn. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, oníwèé ìròyìn ń bọ̀. Òkìtì yẹn gbọ́dọ̀ kún iwájú pẹpẹ. Fọ gbogbo ẹ̀. Lọ gbogbo ẹ̀."

Ó rìn lọ sídìí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó ń fi ìka méjì tọ́ wọn wò bí ẹni tó ń yan ẹ̀fọ́. Ó já àwọn súwẹ́tà ọmọdé náà kúrò lórí okùn, gbogbo wọn pátá, àti bùláúsì léèsì.

"Àwọn wọ̀nyí ti dára jù," ó wí. "Àwọn ọmọ ọmọ mi wà ní London, òtútù ń mú wọn níbẹ̀. N ó fi òmíràn dípò ẹ̀."

Ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ. Kò sí ohun tó fi dípò rẹ̀. Tinú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ àgbà ni, ìyá ìjọ ni, ẹni tó ni iṣẹ́ ẹni ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ó fọ àkísà. Ó fi sítáàṣì sí i. Ó lọ̀ ọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni Ephraim ti wáàfù dé lọ́jọ́ kan, tó ní ọkọ̀ òkun kan wà ní èbúté tí kúùkù rẹ̀ jẹ́ ọmọ Íjíbítì. Orúkọ rẹ̀ ṣòro lẹ́nu, ó sì ní kí wọ́n máa pe òun ní Jọ́ọ̀jì. Onígbàgbọ́ ni, àní wọ́n kọ àgbélébùú kékeré sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ilé wó pa ìyá ẹ̀, Ìyá Peculiar," ni Ephraim wí. "Ilẹ̀ yẹn ló mì. Kápútéènì ò jẹ́ kó lọ. Tó bá ń gé àlùbọ́sà, èèyàn ò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹkún."

"Ẹ mú un wálé, Bàbá Peculiar. Ẹ jẹ́ ó wá jẹun."

Ephraim mú un wá lọ́jọ́ tí wọ́n fún un láyè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewú ti yọ lórí rẹ̀ ni. Ẹ̀wà ni Tinú sè. Jọ́ọ̀jì gbé ṣíbí kìíní sẹ́nu, ó dúró, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó fi èdè òyìnbó rẹ̀ tó ń ta kókó sọ pé ẹ̀wà ni ìyá òun máa ń sè fún òun ní àárọ̀, pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní kò sí ibi tí òun ti lè gbàdúrà láti ìgbà tí òun ti gbọ́ ìròyìn náà. Lórí ọkọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́.

Ojú àánú ni Tinú fi lọ sọ fún Màmá Harriet. Ó rò pé bí Àlùfáà bá lè gbé ọwọ́ lé ọkùnrin náà lórí, bí ìjọ bá lè dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú àdúrà, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀. Ojú Màmá Harriet tàn yòò.

"Ọmọ Íjíbítì gan-an? Tí ilé wó pa ìyá ẹ̀? Tinú, Ọlọ́run ló rán ọ! Sọ pé kí ó wá lọ́jọ́ ìdúpẹ́. A máa gbàdúrà fún un."

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Wọ́n to ẹrù náà jọ níwájú pẹpẹ bí òkè, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ àlùkò dè wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù bù kún un. Ayàwòrán ń sáré síwá sẹ́yìn. Jọ́ọ̀jì jókòó ti Ephraim nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Tinú fúnra rẹ̀ bá a lọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Màmá Harriet mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó sọ bí òun ṣe sunkún lórí Íjíbítì, ó sọ bí àwọn ìyá ìjọ ṣe tú àpótí wọn. "Ọlọ́run sì ti mú ọ̀kan nínú wọn wá bá wa lónìí," ó wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n fa Jọ́ọ̀jì dé iwájú. Wọ́n gbé àpò kan lé e lọ́wọ́, ríbọ́ọ̀nù wà lẹ́nu àpò náà. Ayàwòrán ní àpò nìkan kò ní dára nínú fọ́tò.

"Open it! Make we see!"

Jọ́ọ̀jì tú ríbọ́ọ̀nù. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ohun tó kọ́kọ́ bà yọ. Pátá obìnrin ni, ńlá, tí rọ́bà rẹ̀ ti lọ, tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé iná ṣọ́ọ̀ṣì ń tàn kọjá lára rẹ̀. Ó rọ̀ dirodiro ní ọwọ́ rẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ó gba ìjókòó àwọn akọrin kọjá. Láìpẹ́, gbogbo ilé Ọlọ́run ń rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá ń fi gèlè bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ayàwòrán ya fọ́tò.

Jọ́ọ̀jì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo nǹkan náà, ó ká a jẹ́jẹ́ sí méjì, ó tún un ká, bí ẹni tó ń ká aṣọ ẹlòmíràn tó bọ́ sílẹ̀, ó sì dá a padà sínú àpò. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Thank you," ó wí. "Please, my mother..."

Màmá Harriet ti ju ọwọ́ sí àwọn akọrin. Orin bẹ̀rẹ̀, ìlù gbà á, ijó dé, wọ́n ń jó yí òkìtì náà ká. Kò sí ẹni tó gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni.

Tinú dúró lẹ́yìn. Ó mọ pátá yẹn. Òun ló fi igi gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn, òun ló sì tún fọ̀ ọ́ tó lọ̀ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ rí i lára. Ó wo àwọn akọrin tó ń mì nínú aṣọ tó fọ̀, ó wo pẹpẹ nínú aṣọ tó lọ̀, gbogbo rẹ̀ sì rùn sí i nímú lọ́jọ́ náà, bó ti funfun tó yẹn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jáde, ó bì sínú gọ́tà ẹnu géètì.

Nígbà tó gbójú sókè, Jọ́ọ̀jì dúró tì í, àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"They tell me they will pray," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú nínú. Ó ń ṣe é ní kàyéfì ni. Ìyẹn ló dun Tinú jù.

Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú gọ́tà. "What is your mama name?" ó bi í.

"Mariam."

Tinú kúnlẹ̀ sórí yanrìn, létí títì tí tírélà ń gbà kọjá lọ sí wáàfù. Jọ́ọ̀jì kúnlẹ̀ tì í. Yorùbá ló fi gbàdúrà, kò mọ èdè mìíràn tó lè fi bá Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Baba, Mariam dé o. Ilé wó lù ú. Ẹ bá wa nu eruku ojú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣe lónìí." Ọkùnrin náà kò gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ sí orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá gbọ́ ọ, á ní àmín. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n gé ọwọ́ Jọ́ọ̀jì kúrò nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ àti gèlè Màmá Harriet nìkan ló hàn. Ẹrù náà wá ńkọ́? Ilé ìkẹ́rùsí ọkọ Màmá Harriet ni wọ́n kó o sí. Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òkun. Kérésìmesì kọjá. Ọ̀rọ̀ Íjíbítì tutù lẹ́nu wọn. Òjò ọdún tó tẹ̀lé e dé, ó gba inú páànù tó ti dípẹtà rọ̀ sórí ẹrù náà.

Nígbà tí òjò 1993 ń lọ sópin ni dírẹ́bà tún dé, tó tún da àwọn àpò ìdọ̀họ sẹ́nu ọ̀nà Tinú. Ó ní Màmá ní kí ó tún wọn fọ̀ kíákíá. Ìyàwó ọ̀gá sójà kan ń bọ̀ wá bẹ ìjọ wò, wọ́n fẹ́ kó aṣọ náà fún àwọn ọmọ aláìlóbìí níwájú rẹ̀.

Tinú tú àpò. Òórùn jáde bí ẹni tó ń sá. Gbogbo aṣọ ti bu, nǹkan búlúù bí irun ti hù sí wọn lára, ìgbẹ́ eku ti lẹ̀ mọ́ ọn, omi dúdú ń kán nídìí rẹ̀. Ó rí ṣẹ́ẹ̀tì tó fi sítáàṣì sí, kọ́là rẹ̀ ṣì le. Ó rí aṣọ ibùsùn tirẹ̀ méjèèjì, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bí awọ. Eucharia ń dúró kí ó sá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Kò sá. Ó tutọ́ sílẹ̀.

"Eucharia, bá mi pe ọlọ́mọlanke."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí ọmọlanke náà, wọ́n rìn láti Àmùkòkò dé Àpápá, omi ń kán lẹ́yìn wọn, àwọn èèyàn ń yàgò, wọ́n ń di imú. Ọjọ́ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni, ilé Màmá Harriet ni wọ́n ti ń ṣe é. Mégáàdì rò pé ẹrù ìjọ ni, ó ṣí géètì. Wọ́n gbé àwọn àpò gba ẹnu ilẹ̀kùn, Tinú sì tú wọn dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, láàárín àwọn tó jókòó ti mítì-páì àti tíì.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá mi," ó wí. "Ẹrù yín rèé."

Àwọn obìnrin fò dìde, wọ́n gbé ìró sókè. Ẹnì kan ń kígbe Jésù. Màmá Harriet na ìka sí i.

"Tinú! Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Nínú ilé mi?"

"Orí mi pé, Mà. N kò ní dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá ni tirẹ̀ níbẹ̀, kí ó mú un."

Kò sí ẹni tó mú nǹkan kan. Wọn kò tilẹ̀ wo òkìtì náà, wọn kò sì wo ara wọn. Àwọn kan ń wo àwòrán lára ògiri. Tinú kò kúnlẹ̀ kí ó tó jáde. Eucharia sọ fún un lọ́nà pé àyà òun já. Tinú ní inú òun ṣì ń rìn òun, pé òun rò pé yóò dáwọ́ dúró bí òun bá ti dà á síbẹ̀, àmọ́ kò dáwọ́ dúró.

Wọ́n gba aṣọ pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà Níyìọlá wá sí Àmùkòkò fúnra rẹ̀ láti wá pẹ̀tù sí i. Ó jókòó sórí àga tí Tinú nù fún un, ó ní Sátánì fẹ́ lo ìgbéraga láti ba iṣẹ́ àánú jẹ́, pé kí ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ìjọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè padà.

"Ẹ̀yin Àlùfáà," ni Tinú wí, "ṣé ẹ padà gbàdúrà fún ìyá Jọ́ọ̀jì?"

Àlùfáà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ni Jọ́ọ̀jì?"

Tinú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kí i pé ó dàbọ̀.

Ó padà sídìí aṣọ àwọn ará wáàfù. Epo ọkọ̀ kò sì rí i lára mọ́ bíi tàtijọ́. Ó ní ìdọ̀tí ẹni tó ṣiṣẹ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìjọ, ó di nǹkan míì lára rẹ̀. Bó bá gbọ́ tí wọ́n ń kéde ìtọrẹ àánú níbikíbi, á dìde jáde. Kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú mọ́ nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1996, ẹrù já lu ẹsẹ̀ Ephraim ní wáàfù, kò sì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ebi wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní òpópónà wọn, tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kò ju télọ̀ àti àwọn alákàrà lọ, gbé ìrẹsì, ẹ̀wà àti epo wá. Tinú kò tilẹ̀ tú ẹnu àpò náà. Ó dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé e padà.

Ephraim bínú lórí ibùsùn rẹ̀. "Ìyá Peculiar! Àwọn wọ̀nyí ha ṣẹ̀ ọ́ bí? Ṣé inú rírìn ẹ la máa sè jẹ?"

"Ẹ máa bínú, Bàbá Peculiar. N kò lè ṣe é."

"Ọmọ ń wò wá o!"

Ó jáde lọ jókòó sídìí bàsíà rẹ̀. Eucharia ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó lé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà bá lójú ọ̀nà, ó gba àpò náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e wọ ilé tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bu oúnjẹ wá fún wọn. Ó ní àwọn oníbàárà òun ti pọ̀ sí i. Ephraim jẹ, Peculiar jẹ, Tinú náà jẹ, ó sì yin ọwọ́ Eucharia.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ephraim ti san, tó ti ń tiro lọ síbi iṣẹ́, Eucharia kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fún aṣọ ló ti jẹ́wọ́. "Na dat church food you dey chop," ó wí, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń wo ẹnu Tinú.

Tinú dúró. Aṣọ tó fún kù lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán láti ara rẹ̀. Eucharia rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe lọ sókè, tó wá sílẹ̀.

"Ṣé o ṣa ẹ̀wà yẹn kí o tó sè é?"

"Mo ṣà á. Kò ní ẹ̀gbin kankan. E clean."

Tinú gbọn aṣọ náà, ó nà án sórí okùn, ó fà á títí tó fi tọ́.

"Tí o bá tún ṣe irú ẹ̀ lọ́jọ́ míì," ó wí, "má sọ fún mi."